Ilẹ̀ Tí Agbégilódò Gbà Kọjá: Bí Ẹ Ṣe Máa Tún Un Ṣe Kí Ẹ Tó Gbin Nǹkan Sí I

Ẹ ta gẹdú inú oko ẹbí. Wọ́n gé e, wọ́n kó o lọ, owó wọlé. Lọ́dún kejì, ẹ kó ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, torí pé ibẹ̀ ló mọ́ jù, kò sí kùkùté, kò sí igi tó ṣíji bò ó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ ewé mẹ́ta, mẹ́rin, ó wá dúró. Ẹ da ajílẹ̀ sí i, kò mira. Ẹ hú u, ẹ gbin òmíràn, ìyẹn náà dúró. Ẹ ní kẹ́ ẹ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ fà á, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ adìyẹ, kò sí ọ̀kan tó wọlẹ̀.

Ẹ má tíì bínú sẹ́ni tó ta ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún yín. Ẹ wo kọ́ngò gaàrí lọ́jà: tí wọ́n bá rọra dà á, ó kún dé ẹnu, tí ẹ bá gbọ̀n ọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rẹlẹ̀. Gaàrí ò dín, afẹ́fẹ́ àárín rẹ̀ ló lọ. Bí ilẹ̀ igbó ṣe rí nìyẹn. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ lókè jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ tí omi, afẹ́fẹ́ àti irun gbòǹgbò ń gbà. Ọkọ̀ tó ru gẹdú tẹ ihò yẹn pa. Òjò á wá tẹ́ ojú ilẹ̀, koríko á hù, ojú á rò pé ó ti san. Ìsàlẹ̀ ò tíì san. Nínú igbó ilẹ̀ olóoru, ipa katapílà lè ṣì wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 20.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti tún irú ilẹ̀ yìí ṣe lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo máa sọ bó ṣe jẹ́ tá a bá débẹ̀. Oko ẹbí tàbí ilẹ̀ tẹ́ ẹ fowó rà ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún o. Igbó ìjọba, bí irú èyí tó wà ní J4 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìwé àṣẹ lẹ máa kọ́kọ́ gbà kẹ́ ẹ tó ki dígà bọ ibẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Ọ̀pá irin gígùn mítà kan, tó sanra tó ìka kékeré, tí wọ́n fi fáìlì pọ́n ẹnu rẹ̀ díẹ̀. Ẹ ní kí wẹ́dà jó irin kúkúrú mọ́ orí rẹ̀ ní ìbú, kọ́wọ́ lè ríbi dì mú. Dígà, ṣọ́bìrì, ọkọ́, àdá. Agolo mílíìkì ńlá méjì tó rí bákan náà, tẹ́ ẹ ti gé ìdí wọn kúrò. Ọ̀rá omi mẹ́wàá. Síkéèlì tí wọ́n fi ń wọn ẹran. Okùn àti èèkàn.

Mi ò ka ajílẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí owó ajílẹ̀ ṣì wà lápò.

Ìpele 1: Ẹ wá gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé

Ọ̀nà ńlá rọrùn láti mọ̀. Ohun táwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ́ igi látinú igbó, àti ibi tí wọ́n ń kó gẹdú jọ kí agbégilódò tó wá gbé e. Ibi ìkójọ yẹn ló burú jù. Ọkọ̀ ń yí po níbẹ̀, igi ń já bọ́ lulẹ̀, katapílà sì lè ti ha ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ẹ bá rí òkìtì dúdú létí ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o lọ, ohun ìní yín ni.

Ọjọ́ kejì òjò ńlá ni kí ẹ lọ wò ó. Ibi tí omi ṣì dúró sí nígbà tí inú igbó ti gbẹ, ẹ kan èèkàn mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kí Akíntọ́lá-ta-kú tàn yín. Ewé yìí (àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, mi ò mọ ẹni tó máa dánwò bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́) máa ń bo ilẹ̀ tí wọ́n ti dà rú kíákíá, ó sì máa ń tutù yọ̀yọ̀. Pé ó hù dáadáa kò sọ pé kòkó máa hù.

Ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tàbí tí díísù ti dànù, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú tó ń rùn yẹn kúrò, ẹ má sì gbin ohun jíjẹ síbẹ̀.

*Ìyẹ̀wò:* Ẹ dúró sí ibi ìkójọ. Ó yẹ kí ẹ lè na ọwọ́ sí gbogbo ọ̀nà tí igi gbà débẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ rí, tí wọ́n sì gé ju igi bíi mẹ́wàá lọ, ẹ ò tíì wá a tán.

Ìpele 2: Ẹ fi irin wádìí, kẹ́ ẹ wá gbẹ́ kòtò

Inú igbó tí ọkọ̀ kò dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Bí ẹ ò bá mọ bí ilẹ̀ tó dáa ṣe rí lọ́wọ́ yín, kí lẹ máa fi díwọ̀n èyí tó bàjẹ́? Ẹ ki irin bọlẹ̀ níbi mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fi ìwúwo ara yín tì í lẹ́ẹ̀kan, láìfi òòlù gbá a. Ibi tó bá kọ̀, ẹ fi àtàǹpàkò dá a mọ̀, ẹ wọn ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe é nínú ipa táyà, láàárín ipa méjèèjì, àti ní ìgbésẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe pọ̀ níbí. Ìkíní, wọ́n á lọ ní oṣù January, nígbà tí ilẹ̀ gbogbo ti gan, wọ́n á ní gbogbo oko ló bàjẹ́. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta òjò tó wọlẹ̀ dáadáa ni kẹ́ ẹ ṣe é, ọjọ́ kan náà fún igbó àti ọ̀nà. Ìkejì ni yangí. Ilẹ̀ tiwa níbí, kò pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi bá òkúta wẹ́wẹ́ pàdé. Òkúta máa ń dáhùn: irin á dún kẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́wọ́. Ilẹ̀ tó ti kì (ìyẹn èyí tí ọkọ̀ ti tẹ ihò inú rẹ̀ pa) kì í dáhùn, ó kàn máa ń kọ̀ ni, bíi pé ẹ ń ki irin bọ rọ́bà. Tó bá dún, ẹ sún díẹ̀, ẹ tún un ṣe.

Ẹ wá gbẹ́ kòtò méjì tó jìn dé orúnkún, ọ̀kan nínú igbó, ọ̀kan lójú ọ̀nà. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ògiri kòtò náà. Nínú igbó, erùpẹ̀ á máa fọ́ wúruwùru, ẹ máa rí ihò ekòló, irun gbòǹgbò á sì so mọ́ gbogbo rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó máa ń bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí àpáàdì. Tí omi bá ti pẹ́ níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á di eérú, pẹ̀lú àmì pupa bí ìpẹtà, ó sì lè máa rùn bí àbàtà. Afẹ́fẹ́ ò wọbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tèmi, gbòǹgbò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ó wá ṣẹ́rí bí ẹni tó kan ògiri, ó sì ń rìn gbọọrọ lọ ní ìbú. Mo tọ̀ ọ́ tó ìgbésẹ̀ méjì. Kò tún sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

*Ìyẹ̀wò:* Ẹ kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀: ibi tí ìkì ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó sábà máa ń wà láàárín ìka mẹ́rin sí sẹ̀ǹtímítà 30. Ibi ìkójọ lè jìn ju bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà kejì yẹn ló máa sọ bí dígà ṣe máa wọlẹ̀ tó. Ẹ má ṣe máa méfò.

Ìpele 3: Ẹ wọn ọ́n, tí ìjà bá wà

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ni oko, ẹ lè fo èyí. Ṣùgbọ́n tí ẹbí bá ń jiyàn, tàbí tí oníṣòwò gẹdú ní ilẹ̀ ò ní nǹkan kan, ẹ gbé agolo jáde.

Ẹ gbá agolo wọlẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi bá ilẹ̀ dọ́gba, ẹ wú u pẹ̀lú erùpẹ̀ inú rẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ gé èyí tó yọ lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ yan erùpẹ̀ náà nínú agbada títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Kí ó má jẹ́ agbada gaàrí ìyá yín o. Mo ti ṣe é, etí mi gbọ́ ọ. Ẹ wọn erùpẹ̀ gbígbẹ náà, ẹ wá fi ìwọ̀n omi tí agolo gbà pín in. Ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ìdí agolo kẹ́ ẹ fi ọ̀rá omi, tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, mọ ohun tó gbà.

Ká ní agolo gba lítà 0.8. Erùpẹ̀ igbó wọn kílò 1: ó jẹ́ kílò 1.25 fún lítà kan. Ti ojú ọ̀nà wọn kílò 1.4: ìyẹn 1.75. Ilẹ̀ igbó tó dáa sábà máa ń wà láàárín 1 sí 1.3. Tó bá ti ń kọjá 1.6, gbòǹgbò ohun ọ̀gbìn púpọ̀ ò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́. Ilẹ̀ alámọ̀ kì í dé 1.6 kó tó kọ̀. Oníyanrìn lè gba díẹ̀ sí i.

*Ìyẹ̀wò:* Ẹ ki agolo kejì bọlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ da ọ̀rá omi kan sí i níṣojú ẹni tó ń jiyàn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó, kẹ́ ẹ tún un ṣe lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ máa wo aago. Ní tiwa, ti inú igbó ti mu tán kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ti ojú ọ̀nà, a fi í sílẹ̀ lọ jẹun.

Ìpele 4: Ẹ kọ́kọ́ darí omi

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dígà níbí. Ẹ dúró. Ipa táyà tó wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti di gọ́tà. Tí ẹ bá tú ilẹ̀ tí omi ṣì ń gba ibẹ̀, òjò kan ṣoṣo nínú oṣù June ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ sódò, ẹ̀yin á wá ni àfonífojì.

Ẹ ṣe ebè gíga dé orúnkún la ojú ọ̀nà kọjá. Kó má ṣe dábùú gbọọrọ. Ẹ jẹ́ kí apá kan rẹ̀ rẹlẹ̀ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà yọ lọ sínú igbó tó ní ewé. Níbi tó ga gan-an, ìgbésẹ̀ 15 sí ara wọn. Níbi tó rọra lọ, ìgbésẹ̀ 40 tó. Ẹ tẹ ebè náà mọ́lẹ̀ dáadáa (òun nìkan ló yẹ kó kì nínú gbogbo iṣẹ́ yìí), kẹ́ ẹ gé e wọnú ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí omi má baà gba etí rẹ̀ kọjá. Ẹnu tí omi ń gbà jáde kò gbọdọ̀ dojú kọ odò tàbí kòkó aládùúgbò. Ẹjọ́ lèyí máa ń dà.

Kẹ́ ẹ sì gbé ìtì igi dí ẹnu ọ̀nà náà. Àwọn ọlọ́kadà ti sọ ọ́ di ọ̀nà àbùjá, ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú máa ń tètè tún kì ju èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn lọ.

*Ìyẹ̀wò:* Ẹ mú agboòrùn, kẹ́ ẹ lọ dúró síbẹ̀ nínú òjò. Àní nínú òjò gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Omi tó bá fo ebè kan, ebè yẹn ti kéré tàbí èyí tó wà lókè rẹ̀ ti jìnnà jù.

Ìpele 5: Ẹ tú u

Ibí ni tèmi ti bàjẹ́. Mo rí tirakítọ̀ háyà lówó pọ́ọ́kú nínú oṣù July, inú mi dùn. Ilẹ̀ rin gbingbin. Ibi tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ gbà ń dán bí ìgbà téèyàn fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ dúdú, mo rò pé iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tó gbẹ, ó di búlọ́ọ̀kù. Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi ṣòfò.

Ilẹ̀ tó rin kì í fọ́, ńṣe ló ń yí bí àmọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń fọ́: láti ìparí November títí dé February, nígbà tí ó ti gbẹ dé ibi tí ìkì parí sí. Ẹ bu erùpẹ̀ ibẹ̀, ẹ fún un. Tó bá fọ́ dípò kó dì, ọjọ́ ti pé.

Tó bá jẹ́ tirakítọ̀ lẹ fẹ́ lò, ẹ bi wọ́n irú irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Páláwù tó ní àwo roboto máa ń wọlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 20, kò ní dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó sì lè tẹ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kì. Eyín irin gígùn tó dúró ṣánṣán, tó ń la ilẹ̀ láìyí i padà, lẹ fẹ́. Kó wọlẹ̀ kọjá ibi tí ìkì parí sí ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kó sì máa dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó má ṣe sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́.

Tó bá jẹ́ dígà, ẹ má gbẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan fún igi kọ̀ọ̀kan. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn, òun ló sì ń tan èèyàn jù. Kòtò tẹ́ ẹ gbẹ́ sáàárín ilẹ̀ tó kì dà bí ìkòkò: ògiri rẹ̀ le, ìdí rẹ̀ le. Omi òjò á kún un, gbòǹgbò á máa yí po nínú rẹ̀, igi á dáa fún ọdún méjì, ẹ ó sì máa yin ara yín kó tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ìlà gígùn ni kí ẹ tú, fífẹ̀ rẹ̀ tó ṣọ́bìrì méjì, láti etí ọ̀nà kan dé èkejì, kí orí rẹ̀ sì já sínú ilẹ̀ igbó tó dáa. Àárín ìlà kan sí èkejì, ẹ fi í sílẹ̀ báyìí. Ẹ má gbé pupa ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ ki dígà bọ̀ ọ́, ẹ mì ín, kó là, kẹ́ ẹ sún síwájú.

*Ìyẹ̀wò:* Ẹ tún gbé ọ̀pá irin tẹ́ ẹ fi wádìí ní Ìpele 2. Níbi mẹ́wàá lórí ìlà, ó yẹ kó wọlẹ̀ bó ṣe wọ inú igbó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá kọ̀ níbi mẹ́ta, alágbàṣe ti fo ibẹ̀. Ẹ má tíì sanwó tó kù.

Ìpele 6: Ẹ fún un lóúnjẹ kíákíá

Ilẹ̀ tẹ́ ẹ tú tí ẹ ò fi nǹkan sí á tún wó padà bí òjò bá ti lù ú. Ohun tó ń gbé e dúró ni ìdọ̀tí tó jẹrà, gbòǹgbò àti ekòló.

Lẹ́búlẹ́bú pákó kún ìdí gbogbo sọ́ọ̀mílì wa, ẹlòmíì á ní kẹ́ ẹ wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kó o, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sínú ilẹ̀ ní tútù. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí tó ń jẹ ẹ́ máa fa náítrójìn ilẹ̀ náà (oúnjẹ tó ń mú ewé tutù) mu, ohun ọ̀gbìn yín á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ po apá mẹ́ta rẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ apá kan, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kẹ́ ẹ máa dà á padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún bí oṣù mẹ́fà. Ìyẹn ni pé inú oṣù August tàbí September lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó tú ilẹ̀ rárá. Tí ẹ bá kiwọ́ bọ àárín rẹ̀ tí kò gbóná mọ́, tó dúdú, tí kò rùn bí pákó tútù, ó ti jinná.

Èèpo kòkó náà dáa, àmọ́ tí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú bá wà lára rẹ̀, ẹ má gbé e lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ gbin kòkó.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní April, ẹ gbin òtílí sórí ìlà. Gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìn, ó ń fi náítrójìn sílẹ̀, ẹ sì máa rí èso rẹ̀ sè. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ gé e lẹ́sẹ̀, kẹ́ ẹ má fà á tu. Ihò tí gbòǹgbò rẹ̀ bá jẹrà sí ni gbòǹgbò kòkó máa gbà. Àárín tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níjọ́sí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí ló kàn án.

*Ìyẹ̀wò:* Ní October, ẹ wá ìgbẹ́ ekòló lórí ilẹ̀ láàárọ̀. Tí kò bá sí rárá, ẹ fún un lóúnjẹ ọdún kan sí i kí ẹ tó náwó lórí ọmọ kòkó.

Tí gẹdú yín kò bá tíì jáde

Gbogbo wàhálà òkè yìí lè dín kù sí ìdá kékeré tí ẹ bá bá oníṣòwò sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó wọlé. Ìlọ-àbọ̀ bíi mélòó kan àkọ́kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìpalára náà, nítorí náà ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa gbà, bó ti wù kó bàjẹ́ tó. Awakọ̀ tó ń yà sọ́tùn-ún sósì kó má baà rì ń ba ilẹ̀ tuntun jẹ́ fún yín ni. Kí wọ́n tẹ́ ẹ̀ka àti ewé igi tí wọ́n gé sójú ọ̀nà náà nípọn, kí táyà máa gun orí rẹ̀. Kí wọ́n fi wáyà fa igi wá sójú ọ̀nà dípò kí tirakítọ̀ wọlé lọ bá a. Tí wọ́n bá ní táyà àwọn fẹ̀, ó dáa, ó ń dín ti òkè kù. Ṣùgbọ́n ẹrù orí ọkọ̀ ló ń pinnu bí ìtẹ̀ náà ṣe máa jìn tó.

Ẹ mú apá kan owó náà dúró títí wọ́n á fi tú ibi ìkójọ. Oníṣòwò tó ra ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wa ṣèlérí pé òun á pa dà wá, ọ̀nà tó gbà jáde lẹ rí tí mo ń tú yẹn.

Kí ọkọ̀ má wọlé nígbà tí ilẹ̀ rin. Gbogbo èèyàn á gbà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, àríyànjiyàn á dé lọ́jọ́ tí òjò àná ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ bu erùpẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjì. Tó bá na gbọọrọ bí ekòló láìjá, kò tíì yá. Awakọ̀ kan bá mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òjò àná ò pọ̀ o, ẹ jẹ́ ká tètè kó tìrípù méjì péré.” Mi ò bá a jà. Mo gbẹ́ díẹ̀, mo yí i, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ páàkì sétí títì. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n wọlé.